Ṣé ìyá ọkọ mi tó papòdà ló ń rìn nínú ilé wa lóru?

Ìyá Ṣẹ́gun: Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò ti sùn dáadáa. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyá ọkọ mi papòdà, a sì kó wá sí ilé wọn ní Ìbàdàn nítorí pé àwọn àbúrò ọkọ mi kọ̀ láti gbé ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà ni kò dá kọ́bọ̀ sí ìnáwó òkú, tó jẹ́ pé ẹ̀gbà ọrùn mi ni mo tà kí a tó rí owó pósí san, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín aṣọ ẹbí, èmi ni wọ́n fún kẹ́yìn. Mo fara da gbogbo rẹ̀. Èyí tí apá mi kò ká ni ti òru: mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan ń fi ohùn Màmá pe orúkọ mi, àyà mi a sì wúwo bí ẹni pé ènìyàn jókòó lé e. Ní ọjọ́ Jímọ̀ mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n wé gèlè. Ọkọ mi ní òkú kì í rìn. Ṣé iwin wà lóòótọ́, àbí Màmá ń bínú sí mi ni?

Ìyá Ìbejì: Ó wà, ọmọ mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú ní Iléṣà, kò pé ọdún kan tí oníṣòwò kan fi rí wọn ní Kánò, tí wọ́n ń ta obì. Kí ẹbí tó débẹ̀, wọ́n ti kó ẹrù kúrò.

Bàbá Àgbà: Àkúdàáyà nìyẹn, kì í sì í padà sí ilé ara rẹ̀, ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n ló ń lọ. Iwin tí Ìyá Ṣẹ́gun dárúkọ kì í tilẹ̀ ṣe òkú, inú igbó àti ìdí igi ni tirẹ̀. Ìdí tí a fi ń gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ kò ṣòro: àwa tí a ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, tí a ń rán òkú níṣẹ́ kí a tó bò wọ́n, a kò gbà rí pé ẹni tó kú ti parí.

Arábìnrin Olùgbàgbọ́: Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì dárí ji àwọn àna yín. Ìkùnsínú tí ẹ gbé wọ inú ilé náà ló ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìrí.

Ìyá Ṣẹ́gun: Mi ò bá Màmá jà rí títí wọ́n fi kú, ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ọ̀rọ̀. Àyà wíwúwo lójú oorun lè jẹ́ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ogun òru, nígbà tí ọpọlọ ti jí ṣùgbọ́n tí ara ṣì wà nínú oorun, tí ènìyàn kò lè mira. Àmọ́ ṣé ẹ ti jí pátápátá lọ́jọ́ Jímọ̀? Báwo ni ara àwọn ọmọ? Iná wo sì ni ẹ ń lò lóru?

Ìyá Ṣẹ́gun: Mo ti jí, mo ti dìde dúró pàápàá. Orí ń fọ́ Ṣẹ́gun ní àràárọ̀, àbúrò rẹ̀ sì ń bì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ilé ìwé, ara wọn á yá, ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé inú ilé yìí ni nǹkan náà wà nìyẹn. Kò ṣe ọkọ mi nítorí pé iṣẹ́ òru ló ń ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ni à ń lò. Àwọn olè jí ti àkọ́kọ́ gbé níta, nítorí náà a gbé èyí sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì ti fèrèsé pa. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí. Mi ò rí ohun tó kan jẹnẹrétọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òkú.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ jí àwọn ọmọ, kí ẹ sì gbé wọn jáde nísinsìnyí! Ẹ má dúró kó ẹrù. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan nínú tí a kò lè fojú rí, tí kò sì ní òórùn, carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń gba àyè atẹ́gùn. Ó ń fa orí fífọ́ àti èébì, ó lè mú ènìyàn rí ohun tí kò sí, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Arábìnrin Olùgbàgbọ́: Ṣé jẹnẹrétọ̀ ló ń pe orúkọ ènìyàn ni?

Olùkọ́: Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀yin arábìnrin. Ní ọdún 1921, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, William Wilmer, tẹ ìròyìn jáde nípa ìdílé kan tí ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀, tí ń rí àwọn àjèjì nínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí, tí àwọn ọmọ wọn sì ń ṣàìsàn. Ìléru tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ló bàjẹ́, tó ń da èéfín sínú yàrá.

Bàbá Àgbà: Mi ò yí ohun tí mo gbàgbọ́ padà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Nọ́ọ̀sì. Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ dá wa lóhùn.

Ìyá Ṣẹ́gun: A ti wà níta. Àbúrò Ṣẹ́gun kò tètè jí, omijé ni mo fi gbé e. Aládùúgbò wa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ohùn Màmá ni mo gbọ́, mi ò lè ṣàṣìmọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì: Mo gbà pé ẹ gbọ́ ọ, ohùn ẹni tí ọkàn yín ń ṣàárò ni. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò sọ fún dókítà ni pé inú ilé ni jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí bí ẹ kò bá sọ ọ́, wọ́n lè rò pé ibà ni.