Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí ọmọ yìí ka ewì rẹ̀ níwájú èrò?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọ̀dọ́ 12 ni mò ń kọ́ ní ewì kíkọ àti ewì kíké. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí a ó fi ṣe àfihàn wa àkọ́kọ́, a sì fẹ́ fi ìdíje sí i. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin ọdún 15, kì í la ẹnu rárá nígbà tó kọ́kọ́ dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ka ewì kan fún wa nípa ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kó ẹrù jáde nílé. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, síbẹ̀ gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Àwọn tó kù ní òun ni kó kádìí ètò. Ó gbà. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ò ṣe mọ́. Lánàá ó tún gbà. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ohùn òun níyì, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìran wò. Kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ Eré: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹni tó gbà lónìí, tó kọ̀ lọ́la, kò tíì gbà. Ẹ má bi í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, torí ojú wọn ni kò jẹ́ kó lè sọ pé rárá. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àyè rẹ̀ wà nínú ètò, ìbáà jẹ́ ewì yẹn ló kà tàbí òmíràn, àti pé ó lè yí ọkàn padà títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀. Èmi a tún máa ní kí ọmọ kọ ewì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ìwé rẹ̀, ọ̀kan fún etí èrò. Nínú ti èrò, "èmi" lè di "òun", tàbí kó jẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé ni yóò sọ ìtàn náà.

Akéwì Ọdún 19: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fídíò. Mo ka irú ewì bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 16. Kíkà náà ò pa mí lára, òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo lè dúró níwájú ènìyàn. Àmọ́ wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì bi mí. Mo ti dárí ji màmá mi tipẹ́, fídíò yẹn ṣì ń bá a jà.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Ṣé ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ewì náà? Kí n jókòó sáàárín èrò, kí n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé mi lẹ́nu ọmọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó máa dùn mí. Tí ọkàn ọmọ bá gbé e, kó kà á fún un nílé ná.

Adájọ́ Slam: Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. Nínú slam, ìyẹn ìdíje ewì kíké, tí Marc Smith gbé lọ sí ilé ọtí Green Mill ní Chicago ní 1986, àwọn òǹwòran ni wọ́n ń mú ṣe adájọ́. Títí dòní, adájọ́ márùn-ún ló sábà máa ń wà, 0 dé 10 ni máàkì, wọ́n á sì yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù. Ó dára fún ewì tó ń pa èrò lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá gbé 6.2 sókè fún ọmọ yìí, ohun tó máa gbọ́ ni pé ìbànújẹ́ òun ò tó. Òfin pé kí ewì má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ nìkan ni kí ẹ mú níbẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ó fẹ́ kà á, kò fẹ́ kádìí ètò, kò fẹ́ fídíò, yóò sì ka á fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìbéèrè rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé: tí ohùn òun bá gé láàárín ńkọ́?

Olùkọ́ Eré: Ẹ má ní kó pariwo, ẹ sún ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ọn. Amanda Gorman, tó ka ewì níbi ìbúra Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2021 lẹ́ni ọdún 22, kò lè pe lẹ́tà R dáadáa nígbà èwe. Kí ọ̀rẹ́ kan tó fọkàn tán jókòó síwájú pẹ̀lú ẹ̀dà ewì náà lọ́wọ́. Bí ohùn bá gé, kí ọmọ náà wo ojú ọ̀rẹ́ yìí. Bí ọmọ náà bá mi orí sí i, ọ̀rẹ́ á bá a kà á parí.