Mo fẹ́ràn Olúwadámilọ́lá, àmọ́ mi ò fẹ́ "Dammy"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìkómọjáde ọmọbìnrin wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Olúwadámilọ́lá sì ni bàbá ọkọ mi ní ká sọ ọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi gan-an. Pẹ̀lú gbogbo ohun tójú wa rí kí ọmọ yìí tó dé, Ọlọ́run dá wa lọ́lá lóòótọ́.

Ìgékúrú rẹ̀ ni wàhálà mi. Ládùúgbò wa, Dammy ni ọmọkùnrin tó ń ta káàdì, Dammy ni onídìrí tó kọjú sí i, ó tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pariwo rẹ̀ lójú títì, kì í ṣe ẹyọ ẹnì kan ló ń dáhùn. (Ẹ̀yin Dammy tó wà níbí, ẹ má bínú sí mi o.)

Ọkọ mi ní ká máa pè é ní Lọ́lá nílé. Ó dáa, àmọ́ ta ló máa sọ fáwọn ọmọ ilé ìwé? Màmá mi ní tiwọn, Àbẹ̀kẹ́ làwọn máa pè é, ó parí. Ìyẹn tiẹ̀ wù mí ju Lọ́lá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú ẹ̀, ṣé orúkọ ilé máa ń borí ti ìta? Àbí kí n fi Àbẹ̀kẹ́ ṣáájú nínú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí, kí Olúwadámilọ́lá tẹ̀ lé e? Mi ò kàn fẹ́ kó dà bíi pé mo kọ orúkọ tí bàbá fún ọmọ.