Mo ń wá ìmọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè kun àrán àti irun ẹran?

Ayàwòrán Peckham: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí ó ti ṣe méyọ̀ rí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni mo ń fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán rẹ̀. Ojú ti jọ ọ́, ṣùgbọ́n aṣọ oyè pupa náà dà bíi páálí, irun ẹran tí wọ́n fi ṣe etí rẹ̀ sì dà bí òwú. Ọjọ́ 21 péré ni ó kù fún mi láti parí rẹ̀.

Àgbà Búrọ́ọ̀ṣì: Àbúrò, má ṣe máa ya irun lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́ kun gbogbo rẹ̀ pọ̀, ibi tí ó ṣókùnkùn àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà. Kí ọ̀dà náà tó gbẹ, fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fa etí rẹ̀ wọ inú pupa, kí o wá fa irun díẹ̀ síbẹ̀. Ní ti àrán, etí ìṣẹ́po rẹ̀ ni ó máa ń tàn, kì í ṣe àárín.

Mo Ti Jìyà Rẹ̀: Ẹ má fi ọ̀dà olóròóró ṣe iṣẹ́ kánjúkánjú o! Mo da òróró púpọ̀ sí ìsàlẹ̀ àrán nínú àwòrán ìyá ìjọ kan kí ó lè máa dán, mo sì fi ọ̀dà tí mo fi turpentine (omi tí a fi ń po ọ̀dà kí ó lè ṣàn) là kùn ún lórí ní ọjọ́ kejì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọrùn aṣọ náà fi sán bí ẹrẹ̀ tí oòrùn pa. Ojú àwọn ọmọ mi ni oníbàárà ti tú u jáde nínú aṣọ ìbora, mo sì dá gbogbo owó rẹ̀ padà.

Àgbà Búrọ́ọ̀ṣì: Ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà kọ́ ni ó jẹ̀bi. Èyí tí òróró rẹ̀ kéré ni ó ń wà nísàlẹ̀, èyí tí ó pọ̀ a wà lókè.

Mo Ti Jìyà Rẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò rí ojú obìnrin náà ní ọjọ́ náà.

Ìyá Férémù: Férémù dúdú ni kí ẹ lò, nítorí tí férémù aláwọ̀ wúrà yóò bá ẹ̀wọ̀n oyè méyọ̀ tí ó wà lọ́rùn wọn du ojú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ lọ sí National Gallery, ilé àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kí ẹ wo irun ẹran tí ó wà lára ọkùnrin apá òsì nínú The Ambassadors, àwòrán ikọ̀ méjì tí ayàwòrán Hans Holbein yà ní 1533.

Ayàwòrán Peckham: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo gbà lọ, wọ́n sì bá mi fi aṣọ náà kọ́ sára ilẹ̀kùn. Irun náà kò funfun rárá lábẹ́ àgbọ̀n, pupa aṣọ ti ràn án. Ibẹ̀ nìkan ni n óò tún kùn, n kò sì ní fi fáníìṣì, omi tí a fi ń bo àwòrán kí ó lè dán, sí i.