Ẹ gbà mí o: àwọn ọmọ ń di ẹrù Abẹ́òkúta, kò sí pátá kan níbẹ̀

Ìyá Tiwa (Manchester): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí. Ọjọ́ Ẹtì la ń wọ bàálù lọ sílé fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Mo ní káwọn ọmọ di ẹrù fúnra wọn kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí ọdún mẹ́fà kó ọmọlangidi àti bàtà òjò. Èyí ọdún mẹ́rin kó ìwé ìtàn rẹ̀, ó jókòó lé àpótí, ó lóun ti ṣe tán. Ṣé kí n dì í fún wọn ni? Báwo lẹ ṣe kọ́ tiyín?

Bàbá Dúró (Houston): Ẹ má dì í fún wọn! Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, títí wọ́n á fi wọ yunifásítì lẹ ó máa dì í. Ọjọ́ kan, dìdì kan. Ẹ̀wù, ṣòkòtò, pátá, ìbọ̀sẹ̀, ẹ ká wọn pọ̀, ẹ fi rọ́bà dè é. Ọmọ ò lè ka aṣọ, ṣùgbọ́n ó lè ka ọjọ́. Ẹ ya àwòrán ẹrù sára ògiri fún èyí kékeré, kó máa sàmì sí èyí tó bá ti wọ àpótí. Kálukú, àpótí tirẹ̀. Èyí tí kò bá lè gbé gun àtẹ̀gùn ilé ti pọ̀ jù.

Àǹtí Bísí (Peckham): Ibi "kálukú, àpótí tirẹ̀" yẹn ni mi ò bá yín dé. A dé Èkó, gbogbo ẹrù jáde, àfi ti ọmọkùnrin mi. Ìkómọ parí kí wọ́n tó rí i. Bùbá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wọ̀, ó kan án lórúnkún, òun náà ló sì wà nínú gbogbo fọ́tò. Ẹ pín aṣọ wọn káàkiri àpótí.

Bàbá Dúró: Àǹtí, ẹ má bínú. Tí aṣọ bá ti dà pọ̀, ọmọ ò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ó máa tú àpótí lóru.

Àǹtí Bísí: Kí n tú u lóru sàn ju kí ọmọ mi wọ aṣọ aláṣọ lọ.

Ìyá Ìbejì (Toronto): Ohun tí ẹ ò bá fẹ́ kó sọnù, kó má wọ abẹ́ bàálù rárá. Aṣọ ìgbéyàwó, oògùn, ìpààrọ̀ kan, inú báàgì ẹ̀yìn. Power bank náà, ọwọ́ ni o! Kẹ́hìndé mi ti tiẹ̀ bọ inú àpótí ńlá, wọ́n pe orúkọ wa, wọ́n ní ká tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn èèyàn.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun (Dublin): Ta ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ àbí ìyá?

Ìyá Ìbejì: Bàbá wọn ni mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Háà. Mo dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi (Leeds): Ẹ ti gba yellow card àwọn ọmọ, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yẹn? Oògùn ibà ńkọ́? Òmíràn wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò, ọjọ́ Ẹtì sì ti dé tán. Ẹ pe dókítà lónìí.

Àǹtí Ṣadé (Ìbarà, Abẹ́òkúta): Èmi ni mo wà nílé. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kó ìpara wá. Aṣọ má pọ̀, ọjà Ìtọ́kú ò kúrò níbi tó wà, a ó ra àdìrẹ, télọ̀ á rán an. Jẹ́ kí bàtà wọn jẹ́ èyí tí kì í yọ̀, a máa gun àpáta Olúmọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì mú nǹkan kan wá fún àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà níbí, kó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ẹrù dídì náà nìyẹn.

Bàbá Dúró: Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ lífìtì Olúmọ o. Ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi gùn ún.

Làmídì (Peckham): Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ mú wọn wá Ìbàdàn kí wọ́n jẹ àmàlà gidi. Láfún yín yẹn funfun jù.

Àǹtí Bísí: Làmídì! Ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀dọ̀ wa ló gbà kọjá. Àwa la yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín.

Làmídì: Ẹ ṣeun, ó dé ibi tó ń lọ.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ẹ ti ba tèmi jẹ́ báyìí. Láfún gbígbóná, ewédú, ẹja Odò Ògùn. Òjò nìkan ló wà lójú fèrèsé mi níbí.

Ìyá Tiwa: Ẹ ṣé gan-an ni. Àmọ́ èwo ni kí n ṣe, kálukú àpótí tirẹ̀ àbí pínpín?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ṣé ìwé ìtàn ló kún àpótí èyí ọdún mẹ́rin yẹn? Kó fi wọ́n sílẹ̀ fáwọn ìbátan rẹ̀ ní Ìbarà. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi fi láfún kìlò méjì sí àyè wọn.