Ṣé ìyá tó ń lo warfarin lè máa mu àjó (turmeric) fún inú ríro?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀pẹ́ ni màámi ń gbé. Dókítà ní ara ikùn wọn nínú lọ́hùn-ún ló wú, ó sì fún wọn ní omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù. Ìyá eléwé-ọmọ kan lọ́jà wá ta ìyẹ̀fun àjó tí wọ́n lọ̀ mọ́ ata dúdú fún wọn, pé kí wọ́n máa pò ó mọ́ ẹ̀kọ mu láàárọ̀. Wọ́n ní ó ń tù wọ́n lára gan-an.

Àmọ́ màámi ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Àjó lè fi kún agbára rẹ̀, ata dúdú sì máa ń jẹ́ kí ara gba èròjà àjó sí i. Tí ẹ̀jẹ̀ bá lọ ń dà nínú wọn ńkọ́? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a dúró ná. Inú wọn ò dùn sí i rárá.

Ẹ̀yin apòògùn àti nọ́ọ̀sì, ṣé ìwọ̀nba àjó tàbí atalẹ̀ tí à ń fi sínú ọbẹ̀ náà léwu? Ṣé kí n tètè mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń dì, àbí kí n dúró de ọjọ́ tí dókítà dá? Kí ni wọ́n tún lè máa jẹ tí inú á fi rọ̀ wọ́n?