Ìbọn àtijọ́ mi ti padà dé o, ọ̀rọ̀ ti bùṣe

Ẹ kú àdúrótì gbogbo yín. Ẹni tí ò bá rántí, èmi ni mò ń wá ẹni tó máa bá mi pààrọ̀ ọ̀pá (irin gígùn tí ọta ń gbà jáde) ìbọn ọdẹ Remington 700 mi, tó ń yin ọta .30-06, tí mo rà ní tòkunbọ̀ ní Texas níbí, tí inú ọ̀pá ẹ̀ ti jẹ débi pé ibi tó bá wu ọta ló ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè ní kí n dúró fún oṣù mẹ́jọ, mo ní ha, oṣù kọkànlá kọ́ la ń bẹ̀rẹ̀ ọdẹ àgbọ̀nrín ni?

Bàbá arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì ẹ̀ ló padà ṣe é. Ọ̀pá stainless ló fi sí i, twist 1:10 (ìlà inú ẹ̀ tó ń mú ọta yí máa ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ínṣì mẹ́wàá), ó fi gauge yẹ headspace, ìyẹn ìwọ̀n àyè tí ọta ń jókòó sí nígbà tí ìbọn bá ti tì, wò níṣojú mi (ẹni tí ò bá ṣèyẹn, ẹ gba ìbọn yín kẹ́ ẹ máa lọ), ó tún pààrọ̀ trigger, ibi tí ìka ń fà, tó le bí òkúta tẹ́lẹ̀. Owó yẹn dùn mí o, ìyàwó mi ní ṣé mi ò bá kúkú ra tuntun ni.

Àmọ́ lánàá, ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, ọta mẹ́ta, kọ́ìnì kan bo gbogbo ẹ̀. Ó parí.