Ṣé lílì etí òkun lè gba omi oníyọ̀ ní gbòǹgbò?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin olùtọ́jú ọgbà. Ilẹ̀ iyanrìn ni ọgbà yìí, ní Lekki, kò jìnnà sí òkun. Omi kànga ẹ̀rọ tí mo fi ń bomi rin ín ní iyọ̀: EC rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, jẹ́ 3.1 dS/m. Ewé ixora, igi òdòdó inú ọgbà mi, ń jó láti ṣóńṣó wá sínú, ó sì ń rẹ̀ dànù. Ara bougainvillea ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yá gágá ní tirẹ̀.

Mo ti fi omi òjò ṣan iyọ̀ náà, lítà 60 fún mítà kan níbùú lóròó. EC ilẹ̀ wálẹ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ̀ẹ̀rùn ti gbé e padà. Mo dá ajílẹ̀ NPK dúró, torí iyọ̀ ni òun náà. Gypsum, èròjà tí a fi ń tú ilẹ̀ amọ̀, kò wúlò níbí, ilẹ̀ yìí kì í ṣe amọ̀ tó dì.

Mo ń rò ó láti fi Hymenocallis, lílì funfun etí òkun, rọ́pò ixora. Ó ń gba atẹ́gùn òkun dáadáa, ṣùgbọ́n iyọ̀ orí ewé yàtọ̀ pátápátá sí iyọ̀ ìdí gbòǹgbò. Ìbéèrè mi nìyí: bí omi bíi 3 dS/m bá ń rin ín ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé yóò ṣì máa yọ òdòdó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.